Ọjọ́ díẹ̀ ní Shenzhen: àárín ìlú, Shekou, Dameisha tàbí Dapeng?

Láti Guangzhou, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa máa ń dé sí, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá máa ń dé Shenzhen láàárín nǹkan bí 30 sí 40 ìṣẹ́jú, owó rẹ̀ kò sì tó 100 yuan. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti yà síbẹ̀. Ohun tí kò rọrùn ni mímọ ibi tí èèyàn máa forí lé tó bá débẹ̀ tán. Nígbà tí ìjọba Ṣáínà ka èèyàn lọ́dún 2020, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 17 ni wọ́n bá ní Shenzhen. Ìlú náà tẹ́ lọ gbọọrọ láti ìwọ̀ oòrùn dé ìlà oòrùn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó jí sí Shekou tó sì fẹ́ lọ wẹ̀ ní Dapeng lè lo wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ní òun máa rí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ojú fèrèsé ọkọ̀ ló máa ti rí i.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Mo kọ́kọ́ wo owó, kì í sì í ṣe owó ẹnu ọ̀nà nìkan, torí ibi tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni lè gba owó táksì tó ju tíkẹ́ẹ̀tì ibòmíì lọ. Mo wo ìrìn rẹ̀: ṣé ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ débẹ̀? Owó ọkọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ láti 2 yuan, wọ́n kọ orúkọ ibùdókọ̀ sí i ní lẹ́tà tí a lè kà, kò sì sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lábẹ́ ilẹ̀. Mo tún wo ẹni tó ń lọ, torí ohun tó máa dùn mọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ lè sú ìyá àgbà kó tó di ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn kì í bi ara wọn ni èyí: ṣé ibẹ̀ ṣì wà? Lọ́dún 1979 ni wọ́n sọ Shenzhen di ìlú, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni wọ́n sọ ọ́ di àgbègbè ọrọ̀ ajé àkànṣe, láti ìgbà náà ni wọn ò sì tíì dáwọ́ wíwó àti kíkọ́ dúró. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Minsk, ọkọ̀ ogun agbébàálù tó jẹ́ ti Soviet tẹ́lẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ èbúté ní Shatoujiao, wọ́n ṣí i fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ní 2000, èrò ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ní 2016, wọ́n tì í pa, wọ́n fà á lọ sí Nantong, iná sì jó o níbẹ̀ ní 2024. Baishizhou náà, àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ra wọn, tí àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń rí yàrá tí kò wọ́n, wọ́n ti wó ọ̀pọ̀ rẹ̀ palẹ̀. Bí ìwé atọ́nà tó wà lọ́wọ́ yín bá ti pé ọdún márùn-ún, ẹ má fọkàn tán an.

Ọ̀rọ̀ físà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfẹ́ ṣùgbọ́n ó lè ba àfẹ́ jẹ́. Ẹni tó di ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mú gbọ́dọ̀ gba físà Ṣáínà kó tó kúrò nílé. Hong Kong tó wà lódìkejì omi ní físà tirẹ̀, bí èèyàn bá sì fi físà Ṣáínà tó jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rékọjá lọ síbẹ̀, kò ní lè padà wọlé mọ́. Àwọn ọmọ wa tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà tàbí Brazil lè lo ètò wákàtí 240 tí kò gba físà, bí wọ́n bá ń ti ilẹ̀ kan bọ̀ tí wọ́n sì ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ń lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Wọ́n ka Hong Kong mọ́ ilẹ̀ mìíràn yẹn.

Ẹ so káàdì báńkì yín mọ́ Alipay tàbí WeChat kí ẹ tó gbéra, torí oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pàápàá, fóònù ló fi ń gbowó. Ẹ sì mú ìwé ìrìnnà dání níbi gbogbo. Ọ̀pọ̀ ibi tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń fẹ́ kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, inú WeChat sì ni wọ́n ti ń ṣe é, ní èdè wọn. Ẹ bẹ ọmọbìnrin tó jókòó síwájú òtẹ́ẹ̀lì yín, ìṣẹ́jú méjì ló máa fi bá yín ṣe é.

Àárín ìlú: Futian àti Huaqiangbei

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ibí ni mo máa rán yín lọ, kò sì ní pa yín lówó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Lianhuashan láàárọ̀. Ọgbà ni, òkè kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀ tí àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ kò dùn ún lè fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gùn. Ère Deng Xiaoping, olórí Ṣáínà tó ṣí ilẹ̀ náà fún ọjà àgbáyé, wà lórí rẹ̀, wọ́n gbé e síbẹ̀ ní 2000, ó ń rìn lọ síwájú pẹ̀lú ẹ̀wù rẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ìsàlẹ̀ níwájú rẹ̀ ni ilé ìjọba ìlú wà, tí òrùlé rẹ̀ tẹ́ bí apá ẹyẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ilé awòṣífìlà ti tò. Èyí tó ga jù níbẹ̀ ni Ping An, 599 mítà. Ní pápá ìsàlẹ̀ òkè, àwọn baba tó ti fẹ̀yìn tì máa ń jókòó sórí àpótí pẹlẹbẹ, wọ́n di okùn ìwé àfìfò mú, ìwé náà á sì ti lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò á máa wá ohun tí wọ́n ń fà.

Ping An ní ibi ìwòran lókè, ní àjà 116, nǹkan bí 200 yuan ni wọ́n ń gbà. Lójú tèmi, ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere nìkan ló tó owó rẹ̀. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, kùrukùru máa ń bo ìlú náà, ẹ sì lè san owó yín kí ẹ bá funfun lẹ́nu fèrèsé. Lianhuashan ń fi ìlú kan náà hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ọnà ìtàn Shenzhen tó wà nínú ilé ìjọba yẹn jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú, ó sì sọ ìtàn bí wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn fún ọjà àgbáyé, àmọ́ ẹ má lọ ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n máa ń tì í.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Huaqiangbei, àdúgbò ọjà ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ẹni tó wá ra ọjà náà lè fi ojú rẹ̀ jẹ̀gbádùn níbẹ̀. Ọjà SEG ti wà níbẹ̀ láti 1988, òun ló sì bí gbogbo ilé ìtajà ẹ̀rọ tó yí i ká. Àjà ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ta àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó ń wọ inú ẹ̀rọ, wọ́n ká a jọ sórí róòlù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí ọ̀kan. Bí ẹ ṣe ń gòkè lẹ ó máa rí kámẹ́rà, iná oríṣiríṣi, dróònù, ìbòrí fóònù. Ẹni tó ń tà jókòó sẹ́yìn káńtà tí apá rẹ̀ méjèèjì lè kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá béèrè iye owó, kò ní sọ̀rọ̀. Ó máa tẹ iye náà sórí ẹ̀rọ ìṣirò, ó máa yí i sí yín. Ẹ̀yin náà á tẹ tiyín, ẹ̀ẹ́ yí i padà. Ó máa mi orí, ó máa tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn yín ni ariwo téépù tí wọ́n fi ń di páálí, tí kì í dákẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ará Computer Village ní Ìkẹjà máa mọ̀ pé ilé ni òun wà.

Ìdúnàádúrà wà o, ṣùgbọ́n ọlọ́pọ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan ṣoṣo lè má rí ojú rere, owó tí wọ́n máa pè fún un sì lè má dín ju ti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ tan ohun tí ẹ rà wò kí ẹ tó kúrò nídìí káńtà. Bí ẹ bá ra báńkì iná tí wọ́n fi ń gba fóònù lágbára, ẹ rí i pé àmì 3C, tí Ṣáínà fi ń jẹ́rìí pé ẹ̀rọ kò léwu, wà lára rẹ̀, torí láti oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọn kì í jẹ́ kí èyí tí kò ní in wọ ọkọ̀ òfuurufú tó ń rìn láàárín Ṣáínà.

Ọgbà ìgbafẹ́ ní OCT

Wọ́n kọ́ Splendid China ní 1989, Window of the World ní 1994, Happy Valley ní 1998, gbogbo wọn sì wà nítòsí ara wọn ní OCT, ìyẹn àdúgbò Overseas Chinese Town, lójú ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ Line 1. Ibi tó dájú jù lọ nìyí: ọkọ̀ débẹ̀, ẹ kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni tọ́ yín sọ́nà. Òun náà ló gbówó lórí jù. Window of the World ju 200 yuan lọ fún àgbàlagbà, ẹ sì fi ìyẹn ṣe ìlọ́po iye orí tó wà nínú ilé yín.

Ilé ìṣọ́ Eiffel tí wọ́n ṣe síbẹ̀ ga ní 108 mítà. Mi ò mọ ìdí tí ọmọ Yorùbá tó fò láti Èkó dé Ṣáínà fi máa lọ ya fọ́tò nídìí Eiffel, àmọ́ èrò pọ̀ níbẹ̀, inú wọn sì ń dùn. Tó bá jẹ́ èmi, Splendid China ni mo máa mú àwọn ọmọ lọ, kí wọ́n rí Odi Ńlá àti ààfin Beijing ní kékeré. Ẹni tí kò ní ọmọ lẹ́yìn kó fò wọ́n, kó kọjá sí OCT-Loft: ilé iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n sọ di ibi àfihàn iṣẹ́ ọnà àti ilé kọfí, wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà láti wọ àdúgbò náà.

Shekou àti etí omi Shenzhen Bay

Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan wà ní Shekou tí kò sí lójú omi mọ́. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, Ancerville lorúkọ rẹ̀, Marseille sí Dakar ló sì ń ná, tó túmọ̀ sí pé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ti ń gbé èrò rí. Ṣáínà rà á ní 1973, ó di Minghua, wọ́n wá dá a dúró sí Shekou ní 1983, wọ́n sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ yẹ̀pẹ̀ sínú òkun láti fi kún ilẹ̀, wọ́n rọ ọ́ títí òkun fi sún kúrò lọ́dọ̀ ọkọ̀. Lónìí, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ló yí i ká. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn yí i po, kí ẹ wo ìdákọ̀ró tó so rọ̀ lókè orí àwọn ọmọdé tó ń ṣeré. Bí ẹnì kan bá ní kí n fi ohun kan ṣoṣo ṣàlàyé Shenzhen fún òun, ọkọ̀ yìí ni mo máa mú un lọ wò. Ibùdókọ̀ Sea World lórí Line 2 ni ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀. Kò gba owó, àfi èyí tí ẹ bá fi jẹun, oúnjẹ ibẹ̀ sì wọ́n ju ti àárín ìlú lọ.

Láti ibẹ̀ ẹ lè lọ sí ọgbà etí omi Shenzhen Bay, tó gùn ju 10 kìlómítà lọ, ọ̀fẹ́. Ẹ má mú aṣọ ìwẹ̀ dání: ẹrẹ̀ àti igi etí omi ló wà níbẹ̀, kò sí yanrìn. Ohun tí ẹ máa rí ni òkè Hong Kong lódìkejì, afárá tí wọ́n ṣí ní 2007, àti ẹyẹ. Ní ìgbà òtútù, àwọn ẹyẹ máa ń ti ìhà àríwá fò wá síbẹ̀, títí kan ẹyẹ funfun ojú dúdú kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ níwájú, tí kò sì pọ̀ mọ́ láyé. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi fóònù yá. Odi àtijọ́ Nantou kò jìnnà síbẹ̀, ó ní ẹnubodè tó ti wà láti ayé àwọn ọba ìdílé Ming. Wọ́n ti tún inú rẹ̀ ṣe débi pé ṣọ́ọ̀bù kọfí pọ̀ ju ìtàn lọ. Wákàtí kan tó fún un.

Dameisha àti Xiaomeisha

Òkun tó rọrùn jù lọ láti dé nìyí. Láti ìparí 2023 ni ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ Line 8 ti dé Dameisha àti Xiaomeisha, ẹ sì lè ti àárín ìlú débẹ̀ láìgun táksì rárá. Yanrìn wà, omi wà, ọ̀fẹ́ ni Dameisha, wọ́n sì ní ẹ̀ṣọ́ tó ń wo àwọn tó ń wẹ̀. Kí ló tún kù?

Èrò ni. Ohun tó rọ̀ yín lọ́rùn rọ mílíọ̀nù 17 yòókù náà lọ́rùn. Lọ́jọ́ Sátidé ìgbà ooru, ẹ ò ní rí ibi tẹ́ aṣọ ìnura sí, wọ́n sì máa ń fi iye mọ àwọn tó lè wọlé, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ ṣáájú máa padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìjì Mangkhut ba etíkun náà jẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ó sì di 2021 kí wọ́n tó tún un ṣí. Nítorí náà, láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ẹ máa wo ìkéde ojú ọjọ́. Bí wọ́n bá ti kéde ìjì, gbogbo etíkun ni wọ́n máa tì, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn.

Ní Xiaomeisha, wọ́n ṣí ọgbà ẹja tuntun kan ní 2024, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ju 200 yuan lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ fárígá nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀rọ ni ẹja ńlá tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó ni ọgbà náà dáhùn pé òfin kò gba òwò irú ẹja bẹ́ẹ̀ láyè ni. Èmi ò ní sanwó lọ wo ẹja oníbátìrì, àmọ́ ọmọ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ lè gbádùn rẹ̀ ju ẹja tòótọ́ lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ní ìhà yìí ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba etí òkun Yantian lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ lásán ni kí ẹ lọ, láàárọ̀. Òkúta ní ìsàlẹ̀, òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ tó kó kọ̀ńténà gègèrè sì ń kọjá lọ ní ọ̀kánkán.

Dapeng

Òkun tó dára jù lọ ní Shenzhen kò sí ní ibi tí ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ dé, àìdé náà ló sì jẹ́ kó dára. Bọ́ọ̀sì tàbí táksì ni ẹ máa wọ̀. Bọ́ọ̀sì kò wọ́n, àmọ́ ó pẹ́. Táksì láti àárín ìlú lè ná yín ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún yuan ní àlọ nìkan. Ẹni tó bá sì yá mọ́tò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi, ọkọ̀ tí wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú kì í wọ àgbègbè náà.

Tí ẹ bá wá débẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé ẹ débì kan. Odi Dapeng ti wà láti 1394, wọ́n mọ ọ́ láti fi lé àwọn ajalèlókun, ara rẹ̀ ni Shenzhen ti rí orúkọ oríkì rẹ̀, Pengcheng. Ọ̀nà inú rẹ̀ tóóró, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, àwọn ìyá àgbà sì máa ń jókòó síwájú ilé ta àkàrà ìyẹ̀fun ìrẹsì. Èèyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀, kò dà bí Nantou. Nítòsí ni Jiaochangwei wà, abúlé apẹja tó di kìkì ilé àlejò. Síwájú sí i ni Xichong, yanrìn gígùn tí ìgbì rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fi pákó gùn ún. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kó má kọjá orúnkún. Òkè Qiniang, tó jẹ́ òkè ayọnáyèéfín tó ti kú tipẹ́, ga ní 869 mítà fún àwọn tó fẹ́ràn òkè gígùn.

Ọ̀nà orí àpáta láti Dongchong dé Xichong lókìkí láàárín àwọn ọ̀dọ́. Àwọn aláṣẹ ti ń ká a lọ́wọ́ kò nítorí ewu. Ẹ má tìtorí rẹ̀ nìkan gbéra.

Ta ló yẹ kó lọ síbo?

Oníṣòwò tó ní ọjọ́ kan láàárín ọjà Guangzhou: Lianhuashan láàárọ̀, Huaqiangbei títí di ìrọ̀lẹ́, kó wọ ọkọ̀ padà. Kó má ronú òkun rárá. Bí ó bá sùn mọ́jú, kó fi Shekou kún un, kó jẹun alẹ́ nídìí Minghua.

Ẹni tó mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ dání láti London tàbí Houston, ìwọ̀ oòrùn ló yẹ ẹ́: Shekou, Shenzhen Bay, àga wà káàkiri, ìrìn rẹ̀ kò le. Àwọn tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ lè pín in: ọjọ́ kan ní OCT, ọjọ́ kan ní Dameisha, kí ti Dameisha má bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ní ohun púpọ̀ láti wò láìsan kọ́bọ̀ ju ti ọkọ̀ lọ, kó sì fi Dafen kún un, àdúgbò tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ya àwòrán olóòróró tà fún gbogbo ayé. Line 3 débẹ̀.

Gbogbo yín, oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ló dára jù, ooru ti rọlẹ̀, ìjì ti lọ. Àmọ́ ẹ sá fún ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá, gbogbo Ṣáínà ló máa ń wà lójú ọ̀nà nígbà náà.

Ẹni tó ń wá òkun gan-an, tó sì ní ó kéré tán ọjọ́ méjì, kó gbàgbé gbogbo yòókù kó lọ sí Dapeng. Kó sùn ní Jiaochangwei, kó lè dé Xichong kí àwọn ọkọ̀ ìlú tó dé. Kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé àlejò náà bóyá wọ́n ń gba ẹni tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ òkèèrè, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà, kó sì gba èsì náà sórí fóònù kó tó sanwó.